Bí Wọ́n Bá Dín Oòrùn Kù, Òjò Ta Ni Yóò Dín?

Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àpéjọ àwọn àgbẹ̀, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ní Kábà, ní ìpínlẹ̀ Kogi, níbi tí “Òkun” ti jẹ́ ìkíni. Bí a ṣe sọ ọ́ náà ni a ṣe kọ ọ́ síbí.

Òkun o! Ẹ̀yin ọmọ Òwé tí ẹ gbà wá lálejò, Òkun. Ẹ̀yin ọmọ Ìjùmú, Òkun. Ẹ̀yin Yàgbà, láti Ìsánlú títí dé Ẹ̀gbẹ̀, Òkun. Ẹ̀yin Bùnú, ẹ̀yin Ọ̀wọ́rọ̀ tí ẹ ti ọ̀nà jíjìn wá, Òkun. Mo kí àwọn aṣojú orí adé wa, mo forí balẹ̀. Mo kí ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti oko kaṣú wá síbí láì kọ́kọ́ yà sílé. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àárẹ̀ ara. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀yin àgbà kí n tó la ẹnu, nítorí pé ọ̀rọ̀ òjò ni mo gbé wá, ẹ̀yin ni ẹ sì ti mọ ìwà òjò kí wọ́n tó bí èmi.

Ọ̀rọ̀ yìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn létí yín. Àwọn tó ń sọ ọ́ jù wà ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Yúróòpù. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó ṣeé ṣe kí ọmọ aráyé dín oòrùn tó ń ràn lé wa lórí kù díẹ̀, kí ayé lè tutù. Wọ́n ń pè é ní solar geoengineering. Kò tíì ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa kí ẹnikẹ́ni má bàa jáde níbí lọ máa sọ pé wọ́n ti ń da oògùn sí ojú ọ̀run Kábà. Rárá. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe ìṣirò rẹ̀, wọ́n ń ná owó lé e lórí, wọ́n sì ń bá ara wọn jiyàn lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń jiyàn lé lórí láì pe àgbẹ̀ síbẹ̀ ni mo fẹ́ kí àgbẹ̀ gbọ́.

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo bá sọ lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ẹyọ kan yìí: ọ̀tọ̀ ni ooru, ọ̀tọ̀ ni òjò. Ẹni tó bá ṣèlérí fún yín pé òun yóò mú ayé tutù, ẹ bi í léèrè pé: òjò mi ńkọ́?

Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe gan-an?

Ayé ń gbóná. Èéfín epo rọ̀bì, èédú àti gáàsì tí à ń jó ti pọ̀ lójú ọ̀run débi pé ooru tó yẹ kó bá tirẹ̀ lọ ń há sọ́dọ̀ wa. Ọ̀nà àbáyọ kò fara sin: kí a dín èéfín kù. Ṣùgbọ́n ọdún ń gorí ọdún, èéfín ń gorí èéfín, ìpàdé ń tẹ̀lé ìpàdé. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ní, ó dáa, bí èéfín kò bá ṣeé mú kúrò kíákíá, ẹ jẹ́ kí a bu oòrùn fúnra rẹ̀ kù.

Ọ̀nà tí wọ́n ń sọ jù ni pé kí bàálù gbé imí ọjọ́ lọ sókè réré, bíi 20 kìlómítà sí ilẹ̀. Bàálù tó ń gbé èrò lọ láti Abuja sí Lọ́ńdọ̀nù kì í ga ju bíi 12 kìlómítà lọ, nítorí náà ẹ wo bí ibẹ̀ ti ga tó. Níbẹ̀, imí ọjọ́ yóò di ẹ̀kán omi kéékèèké tí ojú kò lè rí, yóò tàn káàkiri ayé, yóò sì máa da ìtànṣán oòrùn padà. Wọn kò fẹ́ da púpọ̀ padà o. Bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún péré bá padà, ayé yóò tutù débi tí gbogbo wa yóò fi mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà mìíràn tún wà, kí wọ́n máa fọ́n iyọ̀ omi òkun sínú ìkùukùu tó wà lórí òkun kí ìkùukùu náà lè funfun sí i. Wọ́n ti ń dán ìyẹn wò díẹ̀díẹ̀ ní Australia. N kò ní fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ lónìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin iṣu, ẹ mọ bí a ṣe ń fi koríko gbígbẹ dé ebè lórí. Oòrùn kò ní pa ẹbu náà, ebè yóò tutù. Ṣé dídé tí a dé e ló ń bu omi sí i? Bí òjò kò bá rọ̀, iṣu inú ebè tó tutù yóò kú bákan náà.

Níbo ni wọ́n ti rí èrò yìí? Ara òkè oníná ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 1991, òkè kan tó ń jẹ́ Pinatubo ní orílẹ̀-èdè Philippines bú gbàmù. Ó ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 tọ́ọ̀nù èéfín imí ọjọ́ sí òkè réré yẹn. Láàárín ọdún tó tẹ̀ lé e, gbogbo ayé tutù ní bíi ìdajì ìwọ̀n kan lórí òṣùwọ̀n Celsius. Lẹ́yìn ọdún bíi méjì, imí ọjọ́ náà já bọ́, ooru sì padà. Àwọn onímọ̀ rí i, wọ́n ní: bí òkè bá lè ṣe é, ènìyàn náà lè ṣe é. Ní ọdún 2006, Paul Crutzen, tí wọ́n ti fún ní ẹ̀bùn Nobel ní 1995 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ohun tó ń ba òfuurufú jẹ́, kọ̀wé pé ó yẹ kí a ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ yìí ní gbangba. Láti ìgbà náà ni ẹnu kò ti sinmi.

Òjò mi ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ìhà kejì Pinatubo. Ooru dín kù, ó dáa. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1992, òjò tó rọ̀ sórí ilẹ̀ kárí ayé dín kù, omi tí àwọn odò ńláńlá ń gbé lọ sínú òkun náà sì dín kù. Kí ló fà á? Oòrùn ló ń fa omi sókè láti inú òkun àti láti ara ilẹ̀. Bí o bá dín oòrùn kù, omi tó ń gòkè dín kù, èyí tí yóò sọ̀ kalẹ̀ náà yóò sì dín kù. Ìyẹn kò le láti yé ẹnikẹ́ni nínú wa.

Èyí tó le díẹ̀ ni ibi tí òjò náà ń rọ̀ sí. Ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ, nítorí ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Òjò tó ń rọ̀ ní Kábà kì í ṣe ọmọ Kábà. Ọ̀wọ́ ìkùukùu gbọọrọ kan wà tó dábùú Áfíríkà láti ìlà oòrùn dé ìwọ̀ oòrùn. Ooru ni ọ̀wọ́ náà ń tẹ̀ lé. Láti oṣù kẹta, tí oòrùn bá ti ń sún lọ sí àríwá, òun náà á máa sún lọ sí àríwá. Afẹ́fẹ́ olómi láti Òkun Àtìláńtíìkì á tẹ̀ lé e wọlé, á gba Èkó àti Warri kọjá, á dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀yin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ẹbu àti irúgbìn àgbàdo. Tó bá di oṣù kẹjọ, ó ti gòkè kọjá Kano, ó ti wọ ilẹ̀ Niger. Láti oṣù kẹsàn-án, á bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ sí gúúsù, títí ọyẹ́ á fi ti ọ̀dọ̀ Sàhárà wọlé tí á gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀wọ́ òjò yìí ní ìwà kan. Ìdajì ayé tó bá gbóná ju èkejì lọ ló máa ń sún mọ́. Bí àríwá bá gbóná sí i, á sún sí àríwá. Bí àríwá bá tutù ju gúúsù lọ, á fà sẹ́yìn. Nítorí náà, ẹni tó bá da imí ọjọ́ sí ojú ọ̀run apá àríwá ayé nìkan, ìbáà jẹ́ pé ilẹ̀ tirẹ̀ ló fẹ́ mú tutù, òjò Áfíríkà ló fọwọ́ kàn.

Ṣé ìṣirò lásán ni? Ẹ gbọ́ ìtàn.

Ní ọdún 1783, òkè oníná kan tó ń jẹ́ Laki ní Iceland bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín, kò sì dákẹ́ títí di ìbẹ̀rẹ̀ 1784. Iceland wà lókè pátápátá ní àríwá ayé, kò sí ohun tó pa á pọ̀ mọ́ Áfíríkà. Ní ọdún náà gan-an, odò Náílì kò kún. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kò tún kún. Ìyàn mú ní Íjíbítì. Arìnrìn-àjò ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ Volney kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tó fi máa di 1785, ìdá kan nínú mẹ́fà àwọn ènìyàn ilẹ̀ náà ti kú tàbí wọ́n ti sá lọ. Òkè bú ní Iceland, ebi pa wọ́n ní Íjíbítì.

Ẹ tún gbọ́ òmíràn tó sún mọ́ wa. Ní 1912, òkè kan bú ní agbègbè Katmai ní Alaska. Ní 1913, òjò kò rọ̀ dáadáa ní agbègbè Sahel, ìyẹn ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà. Ìyàn tó tẹ̀ lé e mú ilẹ̀ Hausa títí kan Kano. Wọ́n ń pe ìyàn náà ní Kakalaba. Ní 1982, òkè El Chichón bú ní Mexico. Ọ̀dá tó mú Sahel ní 1983 àti 1984, àwọn kan nínú yín nínú gbọ̀ngàn yìí mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2013, onímọ̀ ojú ọjọ́ kan, Jim Haywood, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹ ìwé òjò Sahel wò láti 1900 sí 2010. Wọ́n mú ìgbà òjò mẹ́rin tó gbẹ jù nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Mẹ́ta nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jẹ́ pé òkè oníná ńlá kan ti kọ́kọ́ bú ní apá àríwá ayé.

N kò sọ pé òkè oníná nìkan ló ń fa ọ̀dá. Ọ̀dá ní ìdí púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí mẹ́ta bá ṣe báyìí nínú mẹ́rin, ọlọ́gbọ́n á dúró bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè.

Ìyá kan ní ọ̀nà Ìyámọyè, tó ní oko kaṣú, bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò lè gbàgbé. Mo ti ń ṣàlàyé fún un pé nínú àwọn ìṣirò kan, àròpọ̀ òjò ọdún kan kò yí padà púpọ̀ ní ibi báyìí báyìí. Ó wò mí, ó ní: “Ọmọ mi, àròpọ̀ rẹ̀ kọ́ ni mò ń kórè. Nígbà tí kaṣú mi bá ń yọ òdòdó, ṣé òjò yóò rọ̀ sí i lórí ni tàbí kò ní rọ̀?” Ẹ wo ọgbọ́n! Òjò tó bá rọ̀ lásìkò òdòdó, òfò ni. Òjò tó bá rọ̀ lásìkò tí a ń sá kaṣú, òfò ni. Òjò kan náà tó bá rọ̀ sórí àgbàdo ní oṣù karùn-ún, ìbùkún ni. Àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò ojú ọjọ́ gbogbo ayé máa ń pín ilẹ̀ sí apá apá, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún kìlómítà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nínú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀, Kábà àti Lọ́kọ́ja lè bọ́ sínú apá kan ṣoṣo. Kò mọ̀ pé òkè wà ní Bùnú. Kò mọ̀ pé etí odò ni Lọ́kọ́ja. Irú ìṣirò yìí lè sọ fún wa bí ayé lápapọ̀ yóò ṣe rí, ṣùgbọ́n kò lè dá ìyá náà lóhùn.

Ọ̀rọ̀ ìjì

Mo ti sọ ti òjò, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìjì, nítorí okùn kan náà ló so wọ́n pọ̀.

Ẹ mọ ìjì tó máa ń ti ìlà oòrùn dìde ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti ní ìparí rẹ̀. Ojú ọ̀run á kọ́kọ́ dúdú lọ́nà Lọ́kọ́ja, afẹ́fẹ́ á ṣáájú, á ká òrùlé, á da ọ̀gẹ̀dẹ̀ dùbúlẹ̀, kí òjò tó bá a dé. Ìgbì afẹ́fẹ́ tó ń ti ìlà oòrùn gba òkè orí Nàìjíríà àti Sahel kọjá ní ìgbà òjò kì í dúró síbi tí a ti ń wò ó. Á kọjá Senegal, á wọ inú Òkun Àtìláńtíìkì. Bí omi òkun bá gbóná tó, òmíràn nínú àwọn ìgbì wọ̀nyí á di ìjì líle tí wọ́n ń pè ní hurricane, á lọ kọlu àwọn erékùṣù Caribbean àti etíkun Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tó le jù nínú ìjì Àtìláńtíìkì, Áfíríkà ni wọ́n ti gbéra.

Ẹ rí i báyìí pé àwa àti Amẹ́ríkà ń pín ìjì. Kí ni yóò wá ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá fẹ́ fi imí ọjọ́ dá ìjì yẹn dúró? Haywood kan náà, pẹ̀lú Anthony Jones àti àwọn mìíràn, ṣe ìṣirò rẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde ní 2017. Bí wọ́n bá da imí ọjọ́ sí apá àríwá ayé nìkan, Òkun Àtìláńtíìkì apá àríwá yóò tutù, ìjì líle tó ń kọlu Amẹ́ríkà yóò dín kù. Ṣùgbọ́n òjò Sahel yóò dín kù pẹ̀lú rẹ̀. Bí wọ́n bá da á sí apá gúúsù nìkan, ọ̀wọ́ òjò yóò gòkè, koríko Sahel yóò tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n ìjì Àtìláńtíìkì yóò pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, kó lè yé gbogbo wa. Ohun tó ń gba òrùlé ẹnì kan là ní Florida lè gba omi lẹ́nu ẹran ọ̀sìn ẹlòmíràn ní Niger. Kò sí ìkà kankan nínú ọkàn ẹni tó ń dáàbò bo ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti sọ ọ́: ibi tó wu ẹ̀fúùfù lẹ̀lẹ̀ ní í darí ìgbẹ́ sí, ibi tó wu olówó ẹni ní í rán ni lọ. Bí ẹ̀fúùfù bá wá bọ́ sọ́wọ́ olówó, ta ni ìgbẹ́?

Kí ló kàn wá nínú ọ̀dá Sahel?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á máa rò ó pé, àwa kò sí ní Sahel. Ilẹ̀ wa ní igbó, ilẹ̀ wa ní òkè, òjò wa pọ̀ ju tiwọn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Ní nǹkan bíi àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, láti ìparí 1960 sókè títí wọ àárín 1980 sókè, ọ̀dá ńlá mú Sahel. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹran kú. Adágún Chad, tó fẹ̀ tó bíi 25,000 kìlómítà ní ìbú àti òró ní ìbẹ̀rẹ̀ 1960 sókè, súnkì débi pé ìdá kékeré péré ló kù. Nígbà yẹn, àwọn òyìnbó kan dá àwọn darandaran lẹ́bi pé ẹran wọn ló jẹ koríko tán tí òjò fi sá. Ìwádìí ti fi hàn lónìí pé ìyípadà ooru inú òkun ló ṣe èyí tó pọ̀ jù. Èyí tó sì yẹ kí gbogbo wa mọ̀ ni pé èéfín imí ọjọ́ láti ilé iṣẹ́ àti èédú Yúróòpù àti Amẹ́ríkà wà lára ohun tó mú Àtìláńtíìkì apá àríwá tutù lásìkò náà, tó sì fa ọ̀wọ́ òjò sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ṣòfin láti fọ afẹ́fẹ́ wọn mọ́, òjò Sahel bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Wọn kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí láì mọ̀ọ́mọ̀, ẹ bá mi ro ti ìgbà tí ẹnì kan bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Níbo ni àwọn tí ọ̀dá náà lé kúrò nílé gbà? Gúúsù ni. Ẹni tí koríko rẹ̀ bá gbẹ ní Sokoto tàbí Niger kò ní jókòó máa wo màlúù rẹ̀ kó kú. Yóò máa dà á bọ̀ títí yóò fi dé ibi tí koríko wà, ibi náà sì ni oko wa. Èmi kò wá síbí láti dá ẹjọ́ àgbẹ̀ àti darandaran. Ìrora tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn ní ilẹ̀ Òkun, ẹ̀yin ni ẹ mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀dá kì í dúró síbi tí ó bá ti mú. Ó ní ẹsẹ̀, ó sì mọ ọ̀nà Kábà.

Odò náà tún wà níbẹ̀. Odò Ọya ti òkè ilẹ̀ Guinea ṣàn wá, ó gba Mali àti Niger kọjá kó tó wọ ilẹ̀ wa. Odò Bẹ́núé ti Cameroon wá. Lọ́kọ́ja ni wọ́n ti pàdé. Ẹ rántí 2012. Ẹ rántí 2022, nígbà tí omi gba ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Abuja ní Koton Karfe, tí ọkọ̀ tó gbé epo àti oúnjẹ dúró gbọọrọ, tí iye epo bẹntiróò gòkè títí dé Ìsánlú. Ó lé ní 600 ènìyàn tí ẹ̀kún omi ọdún náà pa káàkiri Nàìjíríà, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan tó sá kúrò nílé. Omi tó ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe òjò Kogi nìkan. Òjò tó rọ̀ sí ilẹ̀ ẹlòmíràn ló gba odò wá bá wa. Ẹni tó bá sún ọ̀wọ́ òjò sí òkè tàbí sí ìsàlẹ̀, omi Lọ́kọ́ja ló ń sún.

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni

Ó yẹ kí n sọ ti apá kejì pẹ̀lú, nítorí àwọn tó ń ṣe ìwádìí yìí kì í ṣe ọ̀tá wa. Òtítọ́ wà lẹ́nu wọn. Ayé tó ń gbóná yìí náà ń ba ìjì wa jẹ́. Ní 2017, Christopher Taylor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo àwòrán sátẹ́láìtì, wọ́n rí i pé ìjì òjò tó le jù ní Sahel ti di ìlọ́po mẹ́ta láti 1982. Sàhárà tó ń gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ ló ń fún wọn lágbára. Bí ayé bá tutù, ó ṣeé ṣe kí irú ìjì bẹ́ẹ̀ rọlẹ̀. Bí wọ́n bá sì da imí ọjọ́ náà sí àríwá àti gúúsù bákan náà, ní ìwọ̀n tó dọ́gba, ọ̀pọ̀ ìṣirò fi hàn pé ọ̀wọ́ òjò kò ní sún jìnnà bí ti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ọmọ wa kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Abiodun ní Yunifásítì Cape Town, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ti gbé ìwádìí jáde ní 2021 lórí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe lè kan ọ̀dá ní àwọn àgbègbè odò ńlá Áfíríkà. Inú mi dùn sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. Kí ọmọ Áfíríkà fúnra rẹ̀ ṣe ìṣirò òjò Áfíríkà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbí gbé sókè nìyẹn.

Àmọ́ ohun méjì ń dà mí láàmú tí ìwọ̀n tó dọ́gba kò lè wò sàn. Èkíní, ta ni yóò máa ṣọ́ ìdọ́gba náà? Imí ọjọ́ kì í pẹ́ ju ọdún kan tàbí méjì lọ lókè yẹn. A ó máa da á lọ́dọọdún, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí orílẹ̀-èdè méjì bá ń jà, tí ọ̀kan bá dáwọ́ dúró, tàbí tí owó bá tán, gbogbo ooru tí wọ́n ti ń bò mọ́lẹ̀ yóò jáde láàárín ọdún díẹ̀. Ooru tó yẹ kó gba ìran kan láti dé yóò dé kí ọmọ tí a bí lónìí tó jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ṣé irúgbìn wa yóò lè bá a rìn? Ìkejì, èéfín ṣì wà níbẹ̀. Dídín oòrùn kù kò kó èéfín kúrò. Òkun ṣì ń mu èéfín náà, omi rẹ̀ sì ń kan sí i. Ẹni tó bá ti rí ìtura, mo bẹ̀rù pé yóò gbàgbé iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe.

A kì í fá orí lẹ́yìn olórí

Ta ló ń pinnu? Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn méjì.

Ní 2021, àwọn olùwádìí Yunifásítì Harvard fẹ́ fi balloon, àpò ńlá tí wọ́n fi gáàsì kún, gbé ẹ̀rọ sókè ní Kiruna, ní orílẹ̀-èdè Sweden. Wọn kò tíì ní da nǹkan kan síta, ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n fẹ́ dán wò. Àwọn Saami, àwọn onílẹ̀ tó ń da ẹran ní apá ibẹ̀, kọ lẹ́tà pé ẹnikẹ́ni kò bá àwọn sọ ọ́. Wọ́n dá a dúró. Ní 2024, Harvard fi òpin sí gbogbo iṣẹ́ náà. Àwọn darandaran kékeré kan ni wọ́n, wọn kò ní ọmọ ogun, wọn kò ní owó. Lẹ́tà ni wọ́n kọ.

Ìtàn kejì. Ní 2022, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Make Sunsets fò balloon tó ní imí ọjọ́ nínú sókè ní Mexico láì gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀. Balloon kékeré ni, kò lè yí ojú ọjọ́ padà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní 2023, ìjọba Mexico kéde pé àwọn yóò fòfin de irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ wọn.

Ti àwa Áfíríkà ńkọ́? Ní oṣù kẹjọ 2023, àwọn mínísítà àyíká ilẹ̀ Áfíríkà pé jọ ní Addis Ababa, wọ́n sì béèrè fún àdéhùn àgbáyé pé kí ẹnikẹ́ni má lo ọ̀nà yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé àyíká àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ní Nairobi. Àwọn orílẹ̀-èdè kò fohùn ṣọ̀kan, wọ́n tú ká. Títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, kò sí òfin àgbáyé kan tó sọ ẹni tó lè fọwọ́ kan oòrùn àti ẹni tí kò lè fọwọ́ kàn án.

Èrò tèmi ni pé àwọn mínísítà náà ṣe dáadáa ní Addis Ababa. Kí ìwádìí máa lọ, kí a mọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n dídà á sí ojú ọ̀run, kí ó dúró títí ẹni tí òjò rẹ̀ wà nínú ewu yóò fi jókòó síbi tí wọ́n ti ń dìbò. Àwa la ni orí tí wọ́n fẹ́ fá.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa

Ẹ óò ní, kí ni Kábà lè ṣe? Mo ní ohun kan pàtó, kò sì ná wa ní owó púpọ̀.

Bí ẹnì kan bá fọwọ́ kan ojú ọjọ́ lọ́la, tí òjò wa sì yí padà, báwo la ó ṣe fi hàn? Wọ́n á ní ẹ mú ẹ̀rí wá. Ẹ̀rí ni ìwé òjò tí a kọ lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀. Àjọ NiMet, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, wọ́n ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ibùdó wọn kò lè wà ní gbogbo abúlé láti Ọ̀wọ́rọ̀ dé Ẹ̀gbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ wà ní gbogbo rẹ̀. Mo ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́: ẹ ra ohun tí a fi ń wọn òjò, ẹ gbé e sí gbangba kúrò lábẹ́ igi àti òrùlé, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa wò ó ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, ọjọ́ tí òjò rọ̀ àti ọjọ́ tí kò rọ̀. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ dé, ọjọ́ tí ìjì ká òrùlé, ọ̀sẹ̀ tí kaṣú yọ òdòdó. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó tì yín, kí wọ́n kọ ti ọdún àtijọ́ tí ẹ rántí sílẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ sí ibì kan tí kò ní sọnù.

Àwọn aṣojú wa ní Abuja àti ní Lọ́kọ́ja, bí wọ́n bá wá kí yín, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ohun tí àwọn mínísítà béèrè ní Addis Ababa, àti ibi tí Nàìjíríà dúró sí. Ẹ bi wọ́n létí gbogbo ènìyàn.

Mo dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó na ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn.